Òǹwòran àti Ẹlẹ́rìí: Àlejò ní Koulouba

Èdè Yorùbá kò fi ojú kan náà wo ẹni tí ó ń wòran àti ẹni tí ó ń jẹ́rìí. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní ìgboro, ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè fi ojú ara wọn rí i. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ọba tàbí adájọ́, ẹni tí ó bá jáde láti sọ ohun tí ó rí nìkan ni ẹlẹ́rìí. Òǹwòran ni gbogbo àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n rí kò yàtọ̀ sí ara wọn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹlẹ́rìí gbà kí ohun tí ojú rẹ̀ rí di ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún ìbéèrè kan tí ìrìn-àjò afẹ́ ti sọ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́: ṣé ó tọ́ kí ènìyàn lọ wo ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn, bí ẹni tí ó lọ wo ọgbà ẹranko? Bí ó bá tọ́, kí ni ẹni tí ó lọ síbẹ̀ jẹ ibẹ̀ ní gbèsè?

Àwọn ìwé atọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ fún arìnrìn-àjò sábà máa ń pín olú-ìlú sí ọ̀nà méjì: ibi ìtàn ní apá kan, àdúgbò aláriwo àti fàájì ní apá kejì. Bí wọ́n ti ṣe é fún Paris àti Berlin náà ni wọ́n ṣe é fún àwọn olú-ìlú Áfíríkà. Ní òwúrọ̀, kí àlejò lọ wo òkúta àtijọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó lọ jẹun níbi tí orin ti ń dún. Koulouba, àdúgbò kan ní àárín gbùngbùn Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, kò gba irú ìpín bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní èdè Bamana, òkè ńlá ni ìtumọ̀ orúkọ náà, orí òkè gidi sì ni Koulouba ti Bamako wà, níbi tí ààfin ààrẹ Mali wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Koulouba ti Ouagadougou. Ọ́fíìsì ìjọba, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àti ilé gbígbé fara kínra níbẹ̀, ọgbà kan sì wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Conseil de l'Entente.

Ìgbìmọ̀ Ìrẹ́pọ̀ ni orúkọ yẹn lédè Faransé. Ní 1959 ni Félix Houphouët-Boigny dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti so Côte d'Ivoire, Upper Volta, Niger àti Dahomey pọ̀. Dahomey yìí ni Benin òde òní, ilẹ̀ àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ìyẹn ni pé ìrẹ́pọ̀ náà kan ọmọ Yorùbá pẹ̀lú; ní 1966 ni Togo dara pọ̀ mọ́ wọn. Nínú ọgbà tí ó ń jẹ́ orúkọ ìrẹ́pọ̀ yìí ni àwọn ológun ti yìnbọn pa Ààrẹ Thomas Sankara àti àwọn méjìlá mìíràn ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, 1987. Ọmọ ọdún 37 ni Sankara. Wọ́n sáré sin wọ́n lóru ní itẹ́ òkú Dagnoën, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Blaise Compaoré, sì gorí àlééfà, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọdún 27.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó yẹ kí onímọ̀ ìwà tẹjú mọ́. Ìwé ẹ̀rí ikú tí dókítà ológun kan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní, 1988 sọ pé ikú àtọ̀runwá ni ó pa Sankara. Ẹni tí ọta ìbọn dá lu lára, ìwé ìjọba ní Ọlọ́run ni ó pè é. Ẹbí rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn nílé, wọn kò rí ẹni gbọ́ tiwọn, títí tí wọ́n fi gbé e dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí ó dá wọn láre ní 2006. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tí ó pa òwe náà ti mọ iye ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí yóò gbà. Ní gbogbo àkókò yẹn, abẹ́ àwọn ológun ni ọgbà náà wà. Ará ìlú ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yà síbẹ̀ láti béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sí.

Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu kan dá gbogbo àbẹ̀wò lẹ́bi. Àwọn kan gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ibi ìpànìyàn di ibi tí àlejò ń lọ, pé owó ni wọ́n ń fi òkú olókùú pa. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ìjọba bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ àlejò tí ó tẹ ilẹ̀ náà ti ń ta ko ìwé. Ìgbà tí àwọn ará Ouagadougou dìde ní ìparí oṣù Kẹwàá, 2014, tí wọ́n sun ilé aṣòfin, tí Compaoré sì sá lọ sí Côte d'Ivoire, ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ọdún márùn-ún kò tíì pé lẹ́yìn náà tí ọgbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ fi di ibi tí olùkọ́ lè kó ọmọ ilé ìwé lọ. Ẹni tí ó bá wọlé síbẹ̀, tí ó dúró, tí ó béèrè, ó ti kúrò ní òǹwòran díẹ̀.

Ère idẹ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí níbẹ̀ ní oṣù Kẹta, 2019 fi hàn pé àwọn ènìyàn mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Gíga rẹ̀ tó mítà márùn-ún, ṣùgbọ́n bí aṣọ ti kúrò lójú rẹ̀ ni ariwo ta: ojú náà kò jọ ti Sankara! Wọ́n dá a padà fún àtúnṣe, ó sì di oṣù Karùn-ún, 2020 kí wọ́n tó ṣí èyí tí wọ́n tún ṣe. Ẹlòmíràn lè fi ariwo yẹn rẹ́rìn-ín, kí ó ní iṣẹ́ ọnà kì í ṣe fọ́tò. Ẹni tí ó bá mọ àkó ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ kò ní rẹ́rìn-ín. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá kì í sábà lé jíjọra. Orí títóbi àti ìdúró gbẹdẹmukẹ ni wọ́n fi ń sọ ìwà ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan àkó, ère tí wọ́n ń wọ̀ ní aṣọ òkú fún ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó di dandan kí ó jọ olóògbé, nítorí pé òun ni yóò dúró bí olóògbé níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó dágbére fún un. Ohun tí àwọn ará Ouagadougou béèrè kò jìnnà sí èyí. Wọ́n kò tíì rí ìsìnkú gidi ṣe fún ọkùnrin náà. Wọ́n fẹ́ dá a mọ̀ kí wọ́n tó ki í.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni ó wá le jù. Ní 2015 ni wọ́n hú àwọn òkú náà ní Dagnoën. Ọgbẹ́ ọta ìbọn hàn lára wọn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò DNA kò mú èsì kankan jáde. Nígbà tí ó di ọjọ́ 23, oṣù Kejì, 2023, ìjọba ológun tún wọn sin sínú ọgbà Conseil de l'Entente, ní ibi gan-an tí wọ́n ti pa wọ́n. Ẹbí Sankara kò lọ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ibẹ̀ kọ́ ni ó yẹ, pé ibi tí awuyewuye wà lórí rẹ̀ kò lè mú ọkàn balẹ̀, wọ́n sì ti bẹ̀bẹ̀ fún ibòmíràn.

Lójú Yorùbá, kì í ṣe pé òkú sún mọ́ alààyè ni ó burú. Nínú ilé ni àwọn baba ńlá ń sin òkú sí. Ọmọ ń jẹun, ó ń sùn, ó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì baba rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ń wólẹ̀ sí bí ọ̀ràn bá dé. Àmọ́ ilé ni! Ibi tí olóògbé ti gbé láyé ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kì í ṣe ibi tí ọ̀tá ti bá a. Nígbà tí àwọn ológun mú Adékúnlé Fájuyì àti àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, 1966, tí wọ́n sì pa wọ́n nínú igbó lọ́nà Ìwó, Fájuyì kò sùn síbẹ̀ di òní. Adó-Èkìtì tí ó jẹ́ ìlú rẹ̀ ni oórì rẹ̀ wà. Ibi ikú wà níbi kan, ibi ìsinmi wà níbòmíràn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rántí rẹ̀ lè yan èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e lọ.

Ìlànà yìí sàn ju ohun tí wọ́n ṣe ní Koulouba lọ. Ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn kì í tún ṣe ti ẹbí rẹ̀ nìkan. Apànìyàn ti sọ ọ́ di ti gbogbo ìlú, ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣí i sílẹ̀, láti kọ́ ọmọ ní ìtàn níbẹ̀, àní láti gba owó ìwọlé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ti ẹbí ni oórì. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ sójú kan, àlejò yóò máa já wọ ilé ọ̀fọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, opó àti ọmọ yóò sì di ara ohun tí ó wá wò. Ní Berlin, ibi ìrántí àwọn Júù tí ìjọba Násì pa ní Yúróòpù ní òpó kọnkéré 2,711, tí wọ́n ṣí ní 2005. Àwọn ọ̀dọ́ ń fò láti orí ọ̀kan dé èkejì, wọ́n ń ya fọ́tò ara wọn. Ní 2017, òǹkọ̀wé kan, Shahak Shapira, mú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ó sì fi àwòrán òkú àwọn àgọ́ ìpànìyàn sẹ́yìn wọn kí ojú lè ti wọ́n. Peter Eisenman tí ó ya àwòrán ibẹ̀ kò bínú sí àwọn ọ̀dọ́ náà ní tirẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kò sí òkú kankan lábẹ́ òkúta wọ̀nyẹn. Ìdáhùn náà lè dàbí ọ̀rọ̀ aláìbìkítà, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan ìdí ọ̀rọ̀. Títí di 2023, ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín ní Conseil de l'Entente kò rẹ́rìn-ín lórí sàréè. Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́.

Ilé ìsìnkú tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, 2025 gbìyànjú láti tún nǹkan ṣe. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìkọ́lé ní Berlin, tí ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ohun tí ó níye lórí jù níbẹ̀ ni pé ibojì mẹ́tàlá ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n mú wá láti ilé. Àwọn méjìlá yòókù, awakọ̀ wà nínú wọn, ọmọ ogun wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wà nínú wọn. Àwọn náà ní ìyá, àwọn náà ní ọmọ. Ẹni tí ó bá ya fọ́tò ní ẹsẹ̀ ère, tí ó sì jáde láìka orúkọ méjìlá náà, ìran ni ó wò. Òfin kan wà ní ìlú kan náà tí ó lè ràn án lọ́wọ́: ní ààfin Moogho Naaba, ọba àwọn Mossi, gbogbo ènìyàn lè wo ayẹyẹ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò. Ẹni tí kò lè gbé àwòrán lọ ní láti fi ojú gbé e.

Ti fàájì ńkọ́? Ojú pópó Kwame Nkrumah kò jìnnà síbẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, 2016, àwọn agbébọn pa 30 ènìyàn níbẹ̀, ní ilé oúnjẹ Cappuccino, hótẹ́ẹ̀lì Splendid àti àyíká wọn. Ní oṣù Kẹjọ, 2017, wọ́n tún padà wá sí ilé oúnjẹ mìíràn ní òpópónà kan náà. Àwọn ènìyàn padà síbẹ̀ láti jẹun. Kò sí ìwà àìlójútì nínú èyí. Oúnjẹ ni àwọn olóògbé wá jẹ, ẹni tí ó bá jókòó jẹun níbẹ̀ lẹ́yìn wọn kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí agbébọn fẹ́ ni kí ìjókòó náà ṣófo.

Ó ku àlejò kan tí kò sí nínú ìwé atọ́nà kankan. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, 2022, ilé ẹjọ́ ológun ní Ouagadougou dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Compaoré, fún Gilbert Diendéré àti fún Hyacinthe Kafando nítorí ikú Sankara. Compaoré kò yọjú sí ìgbẹ́jọ́ náà rárá. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ìjọba ológun ìgbà náà pè é wá sí ìpàdé àwọn ààrẹ àná, ó sì wá. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní ààfin, kò sí ẹni tí ó mú un, ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní Ouagadougou, ó sì padà sí Abidjan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kọ lẹ́tà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Burkina Faso, pàápàá lọ́wọ́ ẹbí Sankara. Agbẹnusọ ìjọba Burkina Faso ni ó bá a kà á.