ÌGBÀ JÍJẸ ÀTI ÌGBÀ ÀÌJẸ



Sólómọ́nì rán ọ̀lẹ lọ sí ọ̀dọ̀ èèrà láti kọ́ ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwa lọ sí ọ̀dọ̀ kòkòrò ajewé kan tí ń gbé orí igi yukalíptọ́sì ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Opodiphthera eucalypti ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ewé igi yìí le, òróró inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹranko lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òun ni oúnjẹ kòkòrò yìí. Ó ń jẹ, ó ń bọ́ awọ, ó sì ń dàgbà, títí gígùn rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12. Nígbà náà ni ó dẹ́kun jíjẹ. Ó ta òwú yí ara rẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí kòkòrò tí ń fún wa ní òwú sányán ti ń ṣe, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún tí ó tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn, ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àkókò bá tó, ó tú omi sí ilé líle náà láti mú un rọ̀, ó fi ìkọ́ mímú tí ó wà ní ìdí ìyẹ́ rẹ̀ gé e, ó sì jáde bí àfòpiná ńlá tí ó lẹ́wà.

Ẹ kíyèsí i: àfòpiná yìí kì í jẹun rárá títí yóò fi kú. Agbára tí ó fi ń fò, tí abo rẹ̀ sì fi ń yé ẹyin, inú ewé tí ó jẹ nígbà èwe ni ó ti wá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ará, ọmọ tí ó jókòó níwájú yín ní ọjọ́ Ìsinmi, ìgbà jíjẹ rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò dá wà ní ìlú àjèjì. Ọ̀fọ̀ yóò dé, ìdánwò owó yóò dé, ohun tí ó ti jẹ ni yóò sì fi fò. Olùkọ́ tí kò múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ń fi ebi pa ẹni tí kò mọ̀ pé ebi ń pa òun. Òbí tí ó rán ọmọ lọ sí ọjà ní wákàtí ẹ̀kọ́ ń já ewé kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì ṣe wí pé ọ̀rọ̀ náà le jù fún ọmọdé: ewé líle ni ó gbé àfòpiná náà fò.

Lóòótọ́, ènìyàn kì í ṣe kòkòrò. Àánú Ọlọ́run kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi àánú náà ṣe àwáwí láti fi ìgbà èwe àwọn ọmọ wa ṣòfò. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.