Ìyókù Òwú

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan: ohun tí èèyàn fi ìyókù ṣe, ṣé ẹ̀bùn ni, àbí ọgbọ́n àtipalẹ̀ ìdọ̀tí mọ́?

Ẹni tó bá ń hun òwú mọ̀ pé òwú kì í tán déédéé. Yálà abẹ́rẹ́ méjì lẹ fi ń hun ún, tàbí crochet lẹ̀ ń ṣe bíi tèmi, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìkọ́ lẹ́nu bí ìwọ̀ ẹja, ìdajì bọ́ọ̀lù á ṣẹ́ kù níbí, díẹ̀ á ṣẹ́ kù lọ́hùn-ún. Ẹ padà sọ́jà lọ ra irú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ lè má bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́, torí aró ọjọ́ kan yàtọ̀ sí ti ọjọ́ kejì. (Ará Abẹ́òkúta ò nílò àlàyé lórí ọ̀rọ̀ aró.) Ìdí nìyẹn tí àwa mélòó kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì fi ń so àwọn ìyókù pọ̀, à ń fi wọ́n hun fìlà ọmọdé àti ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi, a sì ń kó wọn lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ará yàrá wa ló ta kò wá. Ó ní, "Ẹ wọ tuntun, ẹ wá ń kó àjẹkù yín fún ọmọ tí ò lẹ́nì kankan. Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ṣebí tọrùn ẹ̀ là ń wò?"

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé àjẹkù síwájú àlejò. Àmọ́ oúnjẹ ló fi ń wé ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Ọbẹ̀ tó kù, ọwọ́ ẹnì kan ti kàn án. Òwú tó kù, ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀ ọ́. Tó bá sì jẹ́ tọrùn la fẹ́ wò, ẹ wo tọrùn mi: òwú tó wà lára súwẹ́tà mi náà ló wà lórí ọmọ yẹn. Pabanbarì ẹ̀ ni pé òwú nìkan ló ṣẹ́ kù. Wákàtí tí mo fi hun fìlà kò ṣẹ́ kù láti ibì kankan, inú oorun mi ni mo ti yọ ọ́, nígbà míì inú ìwé kíkà (kí olùkọ́ mi má gbọ́).

Ibẹ̀ kọ́ ló ti le. Èyí tó ń dà mí láàmú ni pé, ta ló sọ fún wa pé fìlà ni wọ́n ń fẹ́?

Ní Phillip Island, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, tí epo rọ̀bì bá dà sára àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì, wọ́n máa ń wọ súwẹ́tà kékeré fún wọn kí wọ́n má baà máa fi ẹnu gbé epo náà mì. Bí ayé ṣe gbọ́, kálukú gbé abẹ́rẹ́. Súwẹ́tà tó dé pọ̀ ju ẹyẹ tí epo bà lọ fíìfíì, débi pé bèbí pẹ́ńgúìnì ni wọ́n ń wọ èyí tó ṣẹ́ kù fún, tí wọ́n ń tà á láti fi kówó jọ. Ìyókù tún bí ìyókù! Mo rẹ́rìn-ín títí, àfìgbà tí mo rántí àpò fìlà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wúùlù tí à ń rà lọ́jà kì í ṣe irun àgùntàn rárá. Acrylic ni, inú epo rọ̀bì ló ti wá, kì í sì í fa òógùn. Ẹ fi hun bùláńkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọdún méjì nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nínú ooru Abẹ́òkúta yìí, ṣé àánú nìyẹn? Síbẹ̀, ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé kí wọ́n tó bí i nílò fìlà, àní nínú ooru, torí ìgbóná ara rẹ̀ máa ń tètè gba orí jáde. Láti 1978 tí àwọn dókítà ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Colombia, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé ìyá rẹ̀ láyà nítorí pé ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ gbóná ò tó, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ wà lára ìwọ̀nba ohun tí wọ́n máa ń wọ̀ fún un. Òwú kan náà ni o. Ó kàn jẹ́ pé níbì kan, ẹnì kan ti wo ohun tí ọmọ náà nílò.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ afúnni ló ń lékè. Oríyìn la máa ń kà á sí. Lójú tèmi ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀, torí ẹni tó wà lókè kì í sábà béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Àwa béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà dúpẹ́ gan-an, ó wá ní fìlà ti tó. Ó ní ẹni tí yóò máa wá kọ́ àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé lòun ń wá. Ẹ ò rí i bí ojú gbogbo wa ṣe rẹ̀wẹ̀sì! Ẹnì kan tiẹ̀ ní wọn ò mọrírì.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìtàn ìlú yìí. Ní 1932, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá Abeokuta Ladies' Club sílẹ̀. Obìnrin onígbàgbọ́ tó kàwé ni wọ́n. Aṣọ rírán, oúnjẹ ṣíṣe àti ìtọrẹ àánú niṣẹ́ wọn. Nígbà tó yá, obìnrin kan tí ò kàwé ní kí ìyá náà kọ́ òun ní ìwé kíkà. Bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ kíláàsì fún àwọn obìnrin ọjà nìyẹn. Ẹni tẹ́ ẹ bá sì ń kọ́ ní A, B, D, á ráyè sọ tinú ẹ̀ fún yín. Wọ́n gbọ́ nípa ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn aláìrẹsì, wọ́n gbọ́ nípa owó orí. Ní 1946, ẹgbẹ́ yí orúkọ padà sí Abeokuta Women's Union, obìnrin ọjà sì di ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ (ó padà dé ní 1950).

Àwọn kan nínú wa ṣì ń jiyàn pé ahunṣọ ni wá, ìṣirò kọ́ niṣẹ́ wa. Aránṣọ làwọn ìyá yẹn náà nígbà tí obìnrin yẹn wá béèrè ìwé.