Àjẹ́ Ké Lánàá: Ìbéèrè Kan Lórí Ẹ̀rù, Àwòrán àti Ẹ̀bi

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á fi ojú ẹni tí kò ṣẹ̀ wá dẹ́rù ba ẹlòmíràn, bí gbogbo wa bá tilẹ̀ mọ̀ pé eré ni? Ìbéèrè yìí kò sí lọ́kàn wa rárá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé lé wa lọ́wọ́ kò ju kí á ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù adẹ́rùbani kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí á sì kọ ohun tí a bá rí kọ́ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Àwa márùn-ún ni, ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dàgbà ní Lomé, tí à ń gbé ní Cacavéli, ní ìhà àríwá ìlú náà. Fíìmù yẹn ti parí. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni kò tíì parí, òun ni a sì fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Owó kò sí lọ́wọ́ wa. Fóònù kan ni kámẹ́rà wa, tọ́ọ̀ṣì méjì ni ìmọ́lẹ̀ wa. Inú àgbàlá ilé kan tí ayálégbé pọ̀ sí ni a ti ya á, níbi tí ìyá àgbà kan ti máa ń din àkàrà lábẹ́ igi dóńgóyárò láràárọ̀. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ díẹ̀. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ ní alẹ́, kí ó wo ọ̀ọ́kán, kí ó má sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ fẹ́ fi arúgbó ṣe?” Ó sì gbà fún wa.

Bí a ti to fíìmù náà nìyí: ọmọdé kan sùn lórí ẹní, ẹyẹ kan ké nínú òkùnkùn, ojú ìyá àgbà yọ lójijì, lẹ́yìn náà, ẹní ọmọ náà nìkan ni a rí, ó ṣófo. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí oògùn, ẹnikẹ́ni kò sì la ẹnu sọ pé ìyá náà ṣe ohunkóhun. Síbẹ̀, nígbà tí a fi í hàn ní kíláàsì, igbe ta. Wọ́n yìn wá. Láti orí fóònù kan ni ó ti ń lọ sórí òmíràn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àdúgbò ti rí i tán.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọdé tí wọ́n máa ń sáré wá ra àkàrà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá. A rí abiyamọ kan tí ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ra bí ó ti dé ẹ̀gbẹ́ igi náà. Ẹnikẹ́ni kò bú ìyá àgbà, ẹnikẹ́ni kò sì dá a lẹ́jọ́. Àkàrà kàn ń kù sínú abọ́ ni. Ìyá bi wá pé, “Kí ni mo ṣe?” A kò rí èsì fọ̀, nítorí pé ohun tí a ní kí ó ṣe nìkan ni ó ṣe.

Àwọn àgbà máa ń wí pé: “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti hàn gbangba ni à ń pa òwe yìí sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tún un gbọ́ dáadáa. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì àti ìbéèrè kan ni ó wà nínú rẹ̀: igbe, ikú, àti “ta ni kò mọ̀?” Ẹni tó rí ìpànìyàn kò sí níbẹ̀. Olùgbọ́ ni ó fi ọkàn ara rẹ̀ so igbe mọ́ ikú. Gẹ́lẹ́ bí a ti so fíìmù wa nìyẹn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, fi ojú òṣèré kan náà sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ọbẹ̀, ó tún fi í sí ẹ̀gbẹ́ pósí. Àwọn òǹwòran rò pé ebi ń pa ọkùnrin náà, wọ́n tún rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú náà kò yí padà rárá. Ẹni tó bá so àwòrán méjì pọ̀ ti sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Ẹyin sì lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àwọn kan nínú wa ta kò ó. Wọ́n ní eré ni, pé òǹwòran ní làákàyè, pé bí a bá ń bẹ̀rù báyìí a kò ní í lè ya fíìmù kankan. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ṣeré wà nínú ayé gidi. Ní oṣù Keje ọdún 2020, ní abúlé Kafaba lẹ́bàá Salaga, ní orílẹ̀-èdè Gánà tó múlé tì wá, wọ́n lu arúgbó obìnrin ẹni 90 ọdún pa ní gbangba nítorí pé wọ́n pè é ní àjẹ́. Àwọn kan dúró tì í, wọ́n ń fi fóònù ya á. Fíìmù wa kò pa ẹnikẹ́ni, a kò sì fi ara wa wé àwọn apànìyàn. Ṣùgbọ́n irun funfun, ẹ̀yìn títẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí a fi ṣe àmì ibi ni àmì tí àwọn ènìyàn ń wò mọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ lára.

Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún ń da jìnnìjìnnì bo òǹkàwé títí di òní. Kò sí ẹni tó jọ ọ́ ní Cacavéli, ẹnikẹ́ni kò sì lè tìtorí rẹ̀ kọ̀ láti ra àkàrà lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìwọ̀n tí a rí nìyí: kí ẹni tó fẹ́ dẹ́rù bani kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rù náà ní ilé tí ènìyàn lè tọ̀ ọ́ lọ ní ọ̀la.

Àwọn baba ńlá wa náà mọ̀ pé agbára àwọn ìyá ń bani lẹ́rù. Kí ni wọ́n fi í ṣe? Wọ́n fi í dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ a jáde ní òru pẹ̀lú orin àti àwàdà, ọkùnrin a gbé agọ̀ wọ̀, a wọṣọ bí obìnrin, a jó láti bọlá fún àwọn ìyá, kí inú wọn lè yọ́ sí ìlú. Ní 2008, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún ọmọ aráyé lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Òkùnkùn àti ẹ̀rù tí a wá kiri kò ṣàjèjì sí eré yìí, ṣùgbọ́n iyì ni ó fi ń dá àwọn ìyá lọ́lá.

A padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, a bẹ̀ ẹ́. A tún fíìmù náà yà: àpótí òfìfo lábẹ́ igi, ìró ẹyẹ, ilẹ̀kùn tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀. A rò pé a ti tún ọ̀rọ̀ ṣe. Nígbà tí ìyá wò ó, inú rẹ̀ kò dùn. Ó béèrè ìdí tí a fi yọ òun kúrò, nítorí pé ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn pé òun ti di òṣèré. Ìgbà yẹn ni a tó mọ̀ pé a tún ti ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kíní, a fi ojú rẹ̀ ṣe ibi. Lẹ́ẹ̀kejì, a pa ojú náà rẹ́, láìbi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́.

Nínú èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa báyìí, ilẹ̀kùn ń ṣí, ọmọ ń gbọ̀n, ìyá àgbà sì gbé àtùpà wọlé, ó jókòó ti ẹní, ó bi ọmọ léèrè pé kí ló rí. Ìgbe tó ta ní kíláàsì kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Èyí àkọ́kọ́ náà ṣì wà lórí fóònù àwọn ènìyàn, kò sí bí a ó ti pè é padà. Àwọn ọmọdé kan ti ń wá ra àkàrà. Àwọn kan ṣì ń gba ẹ̀yìn ilé, àwa ni a sì ń ra èyí tó bá kù.