Ohun Tí A Pò Mọ́ Inú

Kíkà Bíbélì: Éfésù 3:14–19

Tánkì omi dúdú pọ̀ ní ìta àwọn ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Bí ọyẹ́ bá dé, ọyẹ́ náà á tún fẹ́ lù ú. Síbẹ̀, àga ike tí a gbàgbé sí ìta lè ti ṣá, kó sì ti sán, kí tánkì náà tó yí padà.

Ìtànṣán oòrùn kan wà tí ojú kò rí. Òun ló ń já ohun tó so ike pọ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nítorí náà, kí ike tó di tánkì tàbí páìpù omi dúdú, wọ́n máa ń po lúbúlúbú dúdú kan tó ń jẹ́ carbon black mọ́ ọn. Nínú páìpù, kì í sábà ju bíi 2 sí 3 lọ nínú 100, ṣùgbọ́n ó ká gbogbo ara rẹ̀. Òun ló ń gba ìtànṣán náà mọ́ra. Ọ̀dà tí a kùn sí òde lè ṣí. Ohun tí a pò mọ́ inú kò ṣeé ha kúrò.

Wọ́n sì ń dán ike wò. Ní Florida tó móoru tó sì lọ́rinrin, àti ní Arizona tó gbẹ, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ń to ègé ike síta kó kọjú sí oòrùn, nígbà mìíràn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á fà á, kí wọ́n lè mọ agbára tó kù nínú rẹ̀.

Olùfẹ́, nínú kíkà òní, Pọ́ọ̀lù kò gbàdúrà pé kí oòrùn ìdánwò má mú àwọn ará Éfésù. Agbára inú lọ́hùn-ún ló bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà tí owó oṣù kò bá wọlé, tí àìsàn sì dé, ó ṣòro kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìgbàgbọ́ kiri. Òní tí ara tù ọ́ ni kí o po ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ ìrònú rẹ, mọ́ bí o ṣe ń náwó, mọ́ bí o ṣe ń bá ará ilé rẹ sọ̀rọ̀.

Bí o bá sì ti wà nínú oòrùn náà, má sọ̀rètí nù. Ike tó ti di tánkì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ìwọ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ.

Iṣẹ́ òní: Kọ́ ẹsẹ kan nínú kíkà òní sórí kí o tó jáde nílé.

Àdúrà: Baba, fi Ẹ̀mí rẹ fún mi lágbára nínú lọ́hùn-ún, kí n lè dúró lọ́jọ́ ìdánwò. Ní orúkọ Jésù. Àmín.