Òkun Kì í Hó Ruru Ká Wà Á Ruru

Àwọn àgbà ló sọ ọ́, ara sì ni àwọn Ìlàjẹ etí òkun fi mọ òwe yìí, kì í ṣe etí lásán. Lágbègbè Òde Mahin, bí omi bá ń ru, atukọ̀ kì í bá a jà. Á rọra, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kó tó ki àjẹ̀ bọ omi. Bẹ́ẹ̀ ni àṣàrò rí lójú tèmi: bí ọkàn bá ń hó, kí ẹni tó ń tù ú má bá a hó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni àṣàrò. Ẹ wo ọkọ̀ onígi ní èbúté láàárọ̀: omi ti jò wọnú rẹ̀ lóru. Apẹja á mú igbá, á gbọ́n ọn títí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á fi hàn. Kò ní sọ pé òun ti gbọ́n ọn lánàá.

Ní Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ̀ dó létí òkun Ìlàjẹ lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. A ò lè pàṣẹ fún ìgbì. Èémí wa nìkan la lè tù.

Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ máa ka èémí yín. Bí ọkàn bá ṣáko, ẹ pè é padà láìbínú. Lọ́túnla, ẹ tún jókòó.