Àmì Apá Aṣọ Ológun: Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Jámánì kó ọ̀pọ̀ àjèjì wọnú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, wọ́n sì ń rán àmì orílẹ̀-èdè kálukú mọ́ apá aṣọ rẹ̀. Ti àwọn ará Turkestan, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní 1942, ló kàn wá jù. Wọ́n ya mọ́sáláṣí sára àmì náà, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé "Biz Alla Bilen", ìyẹn ni pé, àwa wà pẹ̀lú Ọlọ́hun.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹni tó wọ̀ ọ́ ni, tàbí ẹni tó ní kí wọ́n rán an? Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ogun Soviet tí Jámánì mú lẹ́rú. Irú ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ tó kú sọ́wọ́ Jámánì, bí ebi ṣe ń pa wọ́n ni òtútù ń pa wọ́n, lé ní mílíọ̀nù 3. Ẹni tí ikú wà níwájú rẹ̀, tí búrẹ́dì àti aṣọ ológun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó fínnúfíndọ̀ wá? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Ẹ̀sìn wa gba ẹni tí ebi fẹ́ pa kú láàyè láti jẹ òkú ẹran. Kò gbà á láàyè láti pa aláìṣẹ̀ kí òun lè yè. Nítorí náà aṣọ lè ní àwíjàre, ohun tí ọwọ́ inú aṣọ náà ṣe ni kò ní. Àwọn ará Azerbaijan kan wà nínú àwọn tí Jámánì kó lọ paná ọ̀tẹ̀ Warsaw ní 1944, níbi tí wọ́n ti pa ará ìlú lọ́pọ̀ yanturu. Orúkọ Ọlọ́hun lápá aṣọ kò lè wẹ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nù.

Ẹ tún wo ti Bosnia. Ní 1943 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Handschar sílẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, síbẹ̀ àmì Croatia, alápótí-pupa-òun-funfun, ni wọ́n fún wọn lápá, nítorí Croatia ló ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀ wọn. Àmì SS tí àwọn Jámánì ń lò lọ́rùn aṣọ, wọn kò fún wọn. Ọwọ́ tó di idà mú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. (Fìlà pupa ni wọ́n dé, agbárí òkú wà níwájú rẹ̀!) Ní oṣù September 1943, ní Villefranche-de-Rouergue nílẹ̀ Faransé, àwọn kan nínú wọn dìde, wọ́n pa àwọn ọ̀gá Jámánì tó ń darí wọn. Ọ̀tẹ̀ náà kò pẹ́ tí wọ́n fi paná rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ́wọ́ sí i.