Ta Ni Ilé Mi Kàn?

Kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹnì kan nínú kíláàsì ka Deuteronomi 22:8, kí ẹlòmíràn ka Lefitiku 14:33-48, kí ẹnì kẹta sì ka Nehemiah orí 3. Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ páànù, gọ́tà àti ògiri tí ó sán nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Bíbélì kò ya ọ̀rọ̀ ilé kúrò lára ọ̀rọ̀ ìwà. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: bí mo bá fi owó ara mi kọ́ ilé, tí mo sì fi í sílẹ̀ kí ó máa bàjẹ́, ǹjẹ́ mo ṣẹ ẹnikẹ́ni bí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn kíá pé, "Ilé mi ni. Kò kan ẹnikẹ́ni." Iṣẹ́ èmi tí mo kọ ẹ̀kọ́ yìí ni kí n máa bá onílé wá ayálégbé, kí n sì máa bá ẹni tí ó fẹ́ ra ilé wá ilé. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi ojú alágbàtà ilé wo ìdáhùn náà, nítorí pé lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni àléébù rẹ̀ ti tètè ń hàn.

Iye ilé kò sí nínú ògiri nìkan

Nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ ra ilé bá dé, ẹ lè rò pé yàrá ni yóò kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ó ti ń wo ojú ọ̀nà. Ó ń wò bóyá omi gọ́tà ń ṣàn tàbí ó dúró sójú kan. Ó ń béèrè pé, bí òjò bá rọ̀, níbo ni àgbàrá ń gbà? Ta ni ó ń gbé ilé kejì? Ǹjẹ́ àdúgbò ní ọlọ́dẹ lóru? Ṣé àwọn onílé a máa ṣe ìpàdé? Ilé méjì lè wà tí bíríkìlà kan náà kọ́, tí iye yàrá wọn dọ́gba, kí a sì ta ọ̀kan ní owó tí ó ju ti èkejì lọ jìnnà, nítorí pé ọ̀kan wà ní òpópónà tí àwọn ènìyàn ń tọ́jú, èkejì sì wà níbi tí olúkúlùkù ti pa ìlẹ̀kùn dé mọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Apá kan nínú owó tí onílé náà gbà, kì í ṣe òun ni ó ṣiṣẹ́ fún un. Aládùúgbò tí ó ń gbá ojú ilé tirẹ̀ lówùúrọ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Opó tí ó ń san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù láìjẹ́ kí ó pẹ́ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, tí ó ń rìn láti ilé dé ilé láti gba owó tí a ó fi tún ọ̀nà ṣe, tí àwọn kan sì ń bú u, òun pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹni tí ó wí pé ilé òun kò kan ẹnikẹ́ni ń jẹ nínú àwo tí òun kò fi nǹkan sí.

Àwọn baba wa mọ èyí. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri aládùúgbò kì í dúró sẹ́yìn ògiri.

Odi kékeré orí òrùlé

Ní ilẹ̀ Israẹli àtijọ́, òrùlé ilé a máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ènìyàn a máa jókòó níbẹ̀, wọn a sì máa sá nǹkan sí i. Orí òrùlé ni Rahabu fi àwọn amí pamọ́ sí, orí ilé sì ni Peteru gùn lọ láti gbàdúrà. Nítorí náà ni òfin ṣe pàṣẹ pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kan sì ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà yóò wà lórí ilé rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Èkínní ni pé onílé yìí kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Kò ti ẹnikẹ́ni láti òkè. Síbẹ̀, òfin bá a sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣubú. Àìṣe ohun tí ó yẹ kí a ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kì í ṣe ṣíṣe ibi nìkan. Èkejì ni pé odi náà kì í mú owó wọlé fún onílé. Nítorí àlejò, nítorí ọmọ aládùúgbò, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí òrùlé parí sí lókùnkùn, ni a ṣe kọ́ ọ.

Odi orí òrùlé tiwa lónìí ni ìdérí kànga. Òun ni ìdérí ihò ṣálángá, irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, àti wáyà iná tí a kò fi sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ní ọjọ́ 13 oṣù March 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó lulẹ̀ ní Ìta Fàájì ní ìlú Èkó. Iléèwé wà nínú ilé náà, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú. Kì í ṣe tiwa láti ṣe onídàájọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà nínú kíláàsì yìí. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù tí ó ń gba owó lórí ilé wo òpó ilé rẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé, "Ọmọ ta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀?"

Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kan

Àwọn kan yóò wí pé, "Ohun kékeré ni èmi ṣe." Ẹ jẹ́ kí a dán èyí wò. Ní ọjọ́ Ìsinmi, 31 August 1980, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa sì kún bo bèbè rẹ̀. Ó pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì ba ilé àti ọjà púpọ̀ jẹ́. Àwọn àgbà ìlú kò gbàgbé Omíyalé. Ní ọjọ́ 26 oṣù August 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà, ẹ̀mí sì tún ṣòfò. Òjò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pàǹtírí ti dí ọ̀nà omi, a sì ti kọ́ ilé sún mọ́ bèbè odò jù.

Ta ni ó jẹ̀bi? Kò sí ẹni tí ó da apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kan sódò tí kò lè wí pé apẹ̀rẹ̀ tòun kọ́ ni ó dí i. Òtítọ́ ni ó sì ń sọ, nítorí apẹ̀rẹ̀ kan kì í dí odò. Síbẹ̀ odò dí, ènìyàn sì kú. Ibí yìí ni ìrònú ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. A ń wọn ohun tí àwa nìkan ṣe, a rí i pé ó kéré, a sì dá ara wa láre. Kí Kristẹni má ṣe bi ara rẹ̀ pé, "Ǹjẹ́ èyí tí mo ṣe nìkan tó láti pa aládùúgbò?" Kí ó bi ara rẹ̀ pé, "Bí gbogbo àdúgbò bá ń ṣe bí èmi ti ń ṣe, ǹjẹ́ a ó yè é?"

Ọ̀dà lórí ògiri tí ó sán

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ ta ilé, tàbí tí a fẹ́ fi fún ayálégbé tuntun, ni a tó ń rántí àtúnṣe. Kò burú kí a kun ilé kí ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà wà tí a fi ń ṣe ẹwà, ọ̀dà sì wà tí a fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Alágbàtà tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ àmì wọn. Bí ọ̀dà bá jẹ́ tuntun lára ògiri kan ṣoṣo, tí ó sì gbó lára mẹ́ta yòókù, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àjà yàrá kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó yẹ kí a béèrè ibi tí òjò ti ń jò nígbà òjò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀dà dí ẹnu ògiri, aláǹgbá ṣì wà nínú rẹ̀.

Onílé a máa wí pé, "N kò purọ́. Kò béèrè, n kò sì sọ." Ǹjẹ́ èyí tó níwájú Ọlọ́run? Ẹ wo ìwé Lefitiku. Nígbà tí àmì àrùn bá hàn lára ògiri, kò sí níbẹ̀ pé kí onílé dúró títí alùfáà yóò fi wá béèrè. Ẹni tí ó ni ilé ni yóò dìde, tí yóò lọ sọ fún alùfáà. A ó kó ẹrù jáde, a ó ti ilé náà fún ọjọ́ méje, a ó yọ òkúta tí ó ní àrùn, a ó ha ògiri, a ó sì fi amọ̀ mìíràn rẹ́ ẹ. Bí àrùn náà bá padà, a ó wó ilé náà. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò lè bẹ̀rẹ̀ bí onílé bá pa ẹnu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí pé Abrahamu ra ihò Makpela ní irinwó ṣékélì fàdákà níwájú gbogbo àwọn tí ó wà ní ẹnu ibodè. Jeremiah ra oko Anatoti níwájú ẹlẹ́rìí, ó sì fi ìwé rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀. Òwò wọn kò sá fún ìmọ́lẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí ó rọrùn. Bí inú rẹ yóò bá dùn kí ẹni tí ó ń ra ilé mọ ìdí tí o fi kun ògiri yẹn, ọ̀dà ẹwà ni. Bí o bá ń bẹ̀rù kí ó mọ̀, irọ́ ni, bí o kò tilẹ̀ la ẹnu. Ìdánwò yìí kan alágbàtà pẹ̀lú. Ó wọ́pọ̀ kí owó iṣẹ́ wa jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan. Bí owó ilé bá ga, tiwa náà ga. Nítorí náà, alágbàtà tí ó dákẹ́ kò lè wí pé òun kò jẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ńkọ́?

Ẹnì kan nínú kíláàsì lè béèrè pé, "Tálákà ńkọ́?" Ìbéèrè rere ni. Kì í ṣe gbogbo ilé tí páànù rẹ̀ dípẹtà ni ilé ọ̀lẹ. Ìwé Òwe bá ọ̀lẹ wí nítorí ọgbà àjàrà rẹ̀ tí ẹ̀gún bò; kò bá opó wí, bẹ́ẹ̀ ni kò bá òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí kò tíì rí owó rẹ̀ gbà wí. Bí a bá ń fi ẹwà ilé díwọ̀n ìwà ènìyàn, a ti ṣẹ̀.

Nehemiah orí 3 fi ọ̀nà hàn wá. Nígbà tí wọ́n ń tún odi Jerusalẹmu mọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe àtúnṣe ibi tí ó kọjú sí ilé tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Tekoa parí ipa tiwọn, wọ́n sì tún ṣe ipa mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́lá wọn kọ̀ láti tẹ ọrùn ba fún iṣẹ́. Ní ọjọ́ méjìléláàádọ́ta, odi náà parí. Òfin méjì ni èyí fún wa. Ẹni tí ó lè ṣe iwájú ilé rẹ̀, kí ó ṣe é. Ẹni tí agbára rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wo ilé tí ó tẹ̀ lé e, kí ó mú àkàbà àti ìṣó lọ kí ó tó mú ìbáwí lọ.

Kí onílé má sì sọ gbèsè di oore. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ilé gbígbé ní 2011 gbé àtúnṣe ara ilé lóde àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò lé onílé lọ́wọ́. Ó sì ní kí ayálégbé tọ́jú inú ilé tí ó ń gbé. Ẹni tí ó dí ibi tí òrùlé ti ń jò, tí ó sì fi èyí lé opó jáde nípa fífi owó kún owó ilé, ti gba owó lórí ohun tí ó ti jẹ ẹ́ ní gbèsè tẹ́lẹ̀.

Láàárín 1984 sí 1985, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ àṣẹ ìmọ́tótó tí ó ń mú wa jáde láti tún àyíká ṣe ní Sátidé tí ó parí oṣù. Ní 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àṣẹ àìgbọdọ̀-rìn ọjọ́ náà dúró. Nígbà tí àṣẹ lọ, ó hàn kedere ẹni tí ó ń gbá gọ́tà nítorí ọlọ́pàá, àti ẹni tí ó ń gbá a nítorí aládùúgbò. Nígbà tí Ọlọ́run rán àwọn ìgbèkùn ní Babiloni níṣẹ́ nípa ẹnu Jeremiah, ó ní kí wọn kọ́ ilé, kí wọn sì wá àlàáfíà ìlú náà. Ó so méjèèjì pọ̀. Kí àwa má ṣe tú wọn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ó wà ní ilé rẹ tí ó dàbí òrùlé tí kò ní odi? Ta ni ó lè ṣubú níbẹ̀?
2. Bí ẹni tí ó ń ra ilé kò bá béèrè nípa àléébù ilé, títí dé ibo ni ó yẹ kí onílé sọ fún un?
3. Ta ni nínú ìjọ tàbí àdúgbò wa tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí kò sì ní agbára àtúnṣe? Kí ni kíláàsì yìí yóò ṣe kí òjò tó dé?